Bí Ọ̀rẹ́ Òkèèrè Ṣe Ń Yí Agbára Àdúgbò Padà

Ẹni tó wọ ọkọ̀ ní Ìyánà Ìpájà tó ní kí wọ́n já òun sí Gowon Estate lè má ronú kan ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ibẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló wà lórí àlééfà ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, nígbà tí orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí ìwé ní Èkó, tí wọ́n dá ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà àti owó ni wọ́n kọ sínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà ogun Biafra, Faransé ti gba ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn ran àwọn tó ń bá ìjọba Nàìjíríà jà lọ́wọ́. Gowon kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, mẹ́ta nínú ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀hún, ìyẹn Málì, Burkina Faso àti Niger, jáde. Wọ́n ti lé àwọn ọmọ ogun Faransé lọ ṣáájú ìgbà náà, wọ́n sì ti pe Rọ́ṣíà wọlé.

Báwo ni ọ̀rẹ́ tó ń gbé lókèèrè réré ṣe lè tú àdúgbò ká? Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé agbára tí orílẹ̀-èdè kan rí gbà lọ́wọ́ alágbára ayé kì í dá ṣiṣẹ́. Ohun tí àwọn aládùúgbò bá fi dáhùn ló ń sọ bóyá ó jèrè tàbí ó pàdánù.

Ohun tí onílé ń wá, ohun tí àlejò ń wá

Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń pe alágbára wọlé lásán. Ẹ̀rù ló sábà ń lé e débẹ̀: ẹ̀rù aládùúgbò tó tóbi jù ú lọ, ẹ̀rù àwọn agbébọn inú igbó, ẹ̀rù àwọn ṣọ́jà tirẹ̀ tó lè fipá gbàjọba, tàbí ẹ̀rù àpò ìjọba tó ti gbẹ.

Ọjà tí alágbára kọ̀ọ̀kan ń gbé wá yàtọ̀ síra. Faransé ń kó ọmọ ogun wá, owó CFA tó dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 sì wà lábẹ́ onígbọ̀wọ́ rẹ̀ títí dòní. Amẹ́ríkà ń mú dróònù àti ìròyìn abẹ́lẹ̀ wá. Ibùdó dróònù tó kọ́ sí Agadez ní Niger ná an ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là. Rọ́ṣíà ń ta ohun ìjà, ó ń fi jagunjagun ránṣẹ́, kì í sì í béèrè ìgbà tí ìdìbò máa wáyé. Túrkì ń ta dróònù. Ṣáínà ń yáni lówó, ó sì ń fi owó náà ṣe ojú irin, èbúté àti ọ̀pá epo. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ló ṣe ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó gba Agége kọjá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021.

Wọn kò wá ṣe sàráà. Ọdún 1971 ni Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í wa yùréníọ̀mù ní Arlit, ní àríwá Niger. Ẹlòmíràn ń wá ibi tí bàálù rẹ̀ máa balẹ̀ sí, ẹlòmíràn ń wá ìbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ẹlòmíràn sì ń wá ibi tó máa tajà sí. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí alágbára ń fẹ́ kò ju kí alágbára kejì má ríbi jókòó lọ. Ọwọ́ afúnni ní í lékè: ẹni tó gbé ìbọn wá ló ń sọ ìgbà tí ọta máa tán.

Ohun tí aládùúgbò ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká fi ilé oníyàrá mẹ́wàá kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó pọ̀ káàkiri Ìpájà. Bí ayálégbé kan bá di ọ̀rẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ nípọn sí i. Ohun tó yí padà ni bí àwọn yòókù ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ní ìdí ẹ̀rọ omi. Ẹnì kan á máa yẹra fún un, ẹlòmíràn á lọ wá ṣọ́jà tirẹ̀, àwọn méjì tí wọn kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ á sì parí ìjà kí wọ́n lè jọ máa ṣọ́ ọ.

Láàrin orílẹ̀-èdè, ọ̀nà mẹ́rin ni aládùúgbò sábà ń gbà dáhùn. Ó lè lọ wá alágbára tirẹ̀. Ó lè kó àwọn yòókù jọ sẹ́yìn ara rẹ̀. Ó lè lọ sá sábẹ́ alágbára kan náà. Ó sì lè ṣe é kí ẹni tó pe àlejò náà rí i pé ilé ni oúnjẹ òun ti ń wá, kí àlejò má bàa wúlò fún un púpọ̀. Ọ̀nà kẹrin yìí ló nira jù, nítorí ó ń ná owó, ó sì ń gba sùúrù. Òun ni Gowon yàn lẹ́yìn ogun.

Ẹ̀kọ́ inú ogun

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni Nàìjíríà kọ́kọ́ tọ̀. Ní ọdún òmìnira gan-an, 1960, ìjọba Tafawa Balewa bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààbò. Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Action Group ta kò ó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ University College Ìbàdàn sì gbéra wá sí Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n lọ fẹ̀hónú hàn ní ilé aṣòfin. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, ìjọba méjèèjì ti fagi lé àdéhùn náà.

Lọ́wọ́ kan náà, Faransé ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, Nàìjíríà lé aṣojú Faransé kúrò nílùú. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò wa tó tẹ̀ lé wa. Owó wọn, ọmọ ogun wọn àti olùkọ́ ilé-ìwé wọn, láti Paris ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Bí agbára ṣe rí ní àdúgbò nìyẹn: àwa la pọ̀ jù, Faransé ló sì yí wa ká.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, Gẹ̀ẹ́sì ta ìbọn fún ìjọba àpapọ̀ ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò ta bàálù ogun. Amẹ́ríkà ní òun ò ní í ta ohun ìjà kankan. Ìjọba Gowon yíjú sí Soviet Union, bàálù MiG sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní oṣù kẹjọ. Ní ìhà kejì, ìjọba de Gaulle kéde ní ìparí oṣù keje ọdún 1968 pé àwọn ará Biafra ní ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀nà tó wù wọ́n. Síbẹ̀, Faransé kò gbà rárá pé Biafra ti di orílẹ̀-èdè. Gabon àti Ivory Coast wà lára àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà, láti Libreville àti Abidjan ni ohun ìjà sì ti ń fò lóru wá sí pápákọ̀ òfuurufú Uli. Paris ni alágbára náà jókòó sí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

Niger ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ààrẹ Hamani Diori, tí òun náà jẹ́ ọ̀rẹ́ Faransé, dúró ti Nàìjíríà. Ìlú Niamey ni wọ́n ti jókòó sọ̀rọ̀ àlàáfíà ní oṣù keje ọdún 1968. Niger kò ní òkun, apá kan ẹ̀pà tó ń tà sókè òkun ń gba ilẹ̀ wa kọjá, àwọn Haúsá Maradi àti Zinder sì jẹ́ ìbátan àwọn tó wà ní Katsina àti Kánò. Okùn tó so Niger mọ́ Nàìjíríà yi ju èyí tí Paris ń fà lọ. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà bá Niger ní ọdún 2023.

Ìdáhùn Gowon

Ogun parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Ojukwu sì sá lọ sí Ivory Coast. Gowon ìbá ti gbẹ̀san. Ó ní ọmọ ogun tó pọ̀ lọ súà, owó epo sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá halẹ̀ mọ́ Abidjan, ńṣe ni Abidjan máa sáré sún mọ́ Faransé sí i. Paris pàápàá ti ń dọ́gbọ́n sí i: Ààrẹ Pompidou gba àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé níyànjú pé kí wọ́n pawọ́ pọ̀ kí Nàìjíríà má bàa jẹ gàba lé wọn lórí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1973, mẹ́fà nínú wọn dá ẹgbẹ́ CEAO sílẹ̀ ní Abidjan, Ivory Coast, Sẹ̀nẹ̀gà àti Niger sì wà nínú rẹ̀.

Gowon wá ẹnì kan tó lè bá rìn láàrin àwọn tó ń sọ Faransé. Ààrẹ Eyadéma ti Tógò gbà fún un ní ọdún 1972. Lẹ́yìn náà, ó rán Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé nígbà náà. Òun àti mínísítà kan láti Tógò ló jọ rìnrìn àjò ní ọdún 1973, tí wọ́n ń lọ láti olú-ìlú kan dé òmíràn. Ọgbọ́n wà nínú ìrìn yẹn. Bí ọmọ Nàìjíríà nìkan bá kanlẹ̀kùn ní Dakar, wọ́n á rò pé ẹni ńlá ló wá pàṣẹ. Bí ọmọ Tógò bá bá a wá, ọ̀rọ̀ di ti ẹbí.

Owó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Owó epo gbéra sókè láti ọdún 1973, Nàìjíríà sì fi lára rẹ̀ ṣe ohun tí aládùúgbò lè fojú rí. Nàìjíríà àti Olómìnira Benin jọ dá ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì sílẹ̀ ní Onígbólò, wọ́n sì jọ dá ilé-iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ Yorùbá ni ìlú méjèèjì wà, ní apá ibi tí Faransé ṣàkóso. Wọn kò kó gbogbo ẹgbẹ́ tuntun náà sí Èkó nìkan: ibí ni ọ́fíìsì àgbà wà nígbà náà, ṣùgbọ́n Lomé ni wọ́n gbé àpò owó ECOWAS lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, gbogbo wọn fọwọ́ sí i, Ivory Coast pẹ̀lú. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni àwọn ológun yọ Gowon, ẹgbẹ́ náà sì dúró.

Ìwọ̀n agbára yí padà láìsí ìjà. Faransé kò kúrò, CFA kò kúrò, CEAO náà sì wà títí di ọdún 1994. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ pé ọ̀nà Paris nìkan ni wọ́n mọ̀ ti rí ọ̀nà kejì. Àdéhùn ọdún 1979 wá fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ ilẹ̀ ẹnì kejì fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Àdéhùn yẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lẹ táìlì sí ilé tuntun ní Ayọ̀bọ̀ àti Ìpájà lè wá láti Tógò àti Kútọnu láìsí wàhálà púpọ̀.

Àwa fúnra wa ni a kò máa fi gbogbo ìgbà pa òfin náà mọ́. Shagari, tí orúkọ tirẹ̀ náà wà lára èsíteètì mìíràn ní Ìpájà, ló pàṣẹ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó jáde. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 sí oṣù kejìlá ọdún 2020, a ti ẹnubodè pa nítorí ìrẹsì àti epo tí wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀. Nígbàkigbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, aládùúgbò á rántí pé ẹni tó ń fún òun ní oúnjẹ lè fi í ṣe pàṣán.

Niger, ọdún 2023

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ṣọ́jà tó yẹ kó máa ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ló tì í mọ́lé. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani, gba ìjọba. Málì àti Burkina Faso ti wà lọ́wọ́ ológun ṣáájú. Ààrẹ Bola Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága ECOWAS ní oṣù náà ni. Ní ọjọ́ 30, ECOWAS fún àwọn ológun Niger ní ọ̀sẹ̀ kan péré: bí wọn kò bá dá Bazoum padà sípò, ó ṣeé ṣe kí ogun dé. Wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n di owó Niger tó wà ní báńkì mọ́lẹ̀, Nàìjíríà sì já iná mànàmáná tó ti ń tà fún Niger láti àwọn ọdún 1970. Ọ̀dọ̀ wa ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná Niger ti ń wá.

Bí a bá ka agbára lójú ìwé, kò yẹ kí Niger lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn aládùúgbò ṣe dáhùn. Ní ọjọ́ 31, Málì àti Burkina Faso sọ pé ẹni tó bá kọlu Niger ti kọlu àwọn. Faransé tó ní nǹkan bí 1,500 ọmọ ogun ní Niger gbà sí ECOWAS lẹ́nu, ìyẹn ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù, torí ojú aṣojú Paris ni àwọn èèyàn ìgboro Niamey bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo ECOWAS. Nílé níbí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní kí Tinubu wá ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí ogun. Ìpínlẹ̀ méje ní àríwá Nàìjíríà ló bá Niger pààlà, láti Kebbi dé Borno. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ń fẹ́ ọmọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n sì ń náwó ní ọjà kan náà. Ìbátan tó mú kí Diori dúró tì wá ní ọdún 1968 ni kò jẹ́ ká lè bá Niger jà ní ọdún 2023.

Ọ̀sẹ̀ kan pé, ogun kò dé. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án, àwọn ológun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí àdéhùn Liptako-Gourma pé ìjà ẹnì kan ni ìjà gbogbo wọn. Àwọn ọmọ ogun Faransé tó kẹ́yìn kúrò ní Niger ní oṣù kejìlá. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde pé àwọn ń jáde nínú ECOWAS. Gowon, tó kù láàyè nínú àwọn olórí tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kọ̀wé ní oṣù kejì ọdún náà, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ECOWAS tú ìdè, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì padà. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, ECOWAS tú èyí tó pọ̀ jù nínú ìdè Niger. Ó ti pẹ́ jù.

Kí ló yàtọ̀ láàrin ọdún 1975 àti 2023? Ohun tí a ní lọ́wọ́ kò yí padà: iná, ẹnubodè, ọ̀nà òkun, owó. Gowon fi wọ́n fa aládùúgbò mọ́ra. Ní ọdún 2023, a fi wọ́n fún un lọ́rùn, ó sì sá lọ bá ẹni tó ní ìbọn.

Ohun tí Rọ́ṣíà lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Rọ́ṣíà kò fi tipátipá wọlé, àyè ló rí. Àwọn jagunjagun Wagner láti Rọ́ṣíà dé Málì ní ìparí ọdún 2021. Àwọn olùkọ́ ológun láti Rọ́ṣíà balẹ̀ sí Niamey ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Amẹ́ríkà, tó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ogun ní Niger, fi ibùdó Agadez lé ìjọba ibẹ̀ lọ́wọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Láàrin ọdún mẹ́ta péré, ilẹ̀ àwọn aládùúgbò tó wà ní àríwá wa kúrò ní ibi tí Faransé àti Amẹ́ríkà ti ń ṣọ́ agbébọn, ó di ibi tí Rọ́ṣíà ti ń ṣọ́ àwọn olórí ìjọba.

Iṣẹ́ tí Rọ́ṣíà mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn: kí ẹni tó wà lórí oyè má ṣubú. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nínú igbó. Ní oṣù keje ọdún 2024, àwọn ọlọ̀tẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Málì àti ti Wagner ní Tinzaouaten, lẹ́bàá ààlà Algeria. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn agbébọn JNIM bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun àwọn ọkọ̀ tó ń gbé epo lọ sí Bamako, epo wọ́n débi pé ìjọba ti ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbọn Moscow kò lè bá awakọ̀ táńkà rìn láti Dakar tàbí Abidjan títí dé Bamako. Ó gba kí àwọn aládùúgbò fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Àwọn tó lé Faransé lọ kò tíì jáwọ́ nínú CFA. Ọ̀rọ̀ epo Niger ló sì hàn kedere jù. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ló ri ọ̀pá tó gùn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì kìlómítà, láti Agadem ní Niger dé Sèmè ní etíkun Benin. Bí ìjà ti dé sáàrin Niger àti Benin ní ọdún 2024, epo dúró, owó náà sì dúró. Rọ́ṣíà lè fún Niger ní ìbọn, kò lè fún un ní òkun. Ẹni tó jèrè nínú ìjà yẹn ni Tógò: ẹrù Niger tó yẹ kó gba Kútọnu wọlé ń gba èbúté Lomé, ó ń gba Burkina Faso kọjá pẹ̀lú ọmọ ogun níwájú àti lẹ́yìn.

Àwọn alágbára lè jókòó pín ọ

Ewu mìíràn wà tó yẹ kí Yorùbá mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, àwọn Ẹ̀gbá tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ló ti fi ìbọn ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí Dahomey kọlu Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta ọdún 1851. Ní ọdún 1865, Gómìnà Glover rán ọmọ ogun lọ lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò lẹ́yìn odi Ìkòròdú. Ní ọdún 1867, Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde nílùú. Nígbà tó sì di ọdún 1888, àwọn ìjòyè Abẹ́òkúta bá ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Viard ṣe àdéhùn, wọ́n rò pé Faransé máa dá Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fa ìlà láàrin ilẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́. Abẹ́òkúta àti Ìlaròó bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu àti Sakété bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àdéhùn Viard di bébà lásán. Ẹni tó ń fi alágbára kan dẹ́rù ba èkejì ní láti rántí pé àwọn méjèèjì lè rí ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ ara wọn níbi tí òun kò sí.

Kútọnu, oṣù kejìlá ọdún 2025

Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025, àwọn ṣọ́jà kan bọ́ sórí tẹlifíṣàn ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti yọ Ààrẹ Patrice Talon. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàálù ogun Nàìjíríà ti wà lójú ọ̀run ibẹ̀, ìdìtẹ̀ náà sì forí ṣánpọ́n. ECOWAS kó ọmọ ogun lọ, Faransé náà ṣèrànwọ́ láti ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀pọ̀ bi ara wọn pé kí ló dé tí a lè ṣe ní Kútọnu ohun tí a kò lè ṣe ní Niamey. Talon kò tíì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ìjọba rẹ̀ ló sì fẹnu ara rẹ̀ pe Nàìjíríà. Kò sí aládùúgbò tó dìde sọ pé ìjà àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ni ìjà òun. Benin àti Nàìjíríà sì ń jẹ láti inú àwo kan náà lójoojúmọ́ ní ẹnubodè Sèmè. Ìbọn kan náà ni, àdúgbò ló yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n àwa náà ti wà ní ipò ẹni tí aládùúgbò ń ṣọ́. Ní òpin ọdún 2024, Tiani fẹ̀sùn kàn wá pé à ń bá Faransé dìtẹ̀ mọ́ Niger. Àbújá ní irọ́ ni. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2025, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn agbébọn ní ìpínlẹ̀ Sókótó tó bá Niger pààlà, ìjọba wa sì sọ pé àwọn jọ ṣe é ni. Ohun tó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ lójú Àbújá lè jẹ́ ìhàlẹ̀ lójú Niamey. Bí Niger bá tún lọ fa Rọ́ṣíà mọ́ra sí i nítorí rẹ̀, a jẹ́ pé ara ohun tí a fẹ́ fi gba ààbò ló ń sọ ẹ̀rù tuntun jọ.

Bí a ṣe lè wọn àdéhùn tuntun

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ààrẹ nìkan. Nígbà tí a ti ẹnubodè Niger láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 sí oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn oníṣòwò ní Ìlléla àti Jìbíyà ló kọ́kọ́ jìyà. Àlùbọ́sà àti màlúù tó ń gba ibẹ̀ wọlé, ọjà Èkó náà ló ń bọ̀. Ẹni tó ń ra àlùbọ́sà ní ọjà Ìyánà Ìpájà wà nínú ìwọ̀n náà, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Liptako rí.

Nígbà mìíràn tí ìròyìn bá ní ààrẹ wa fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà, Ṣáínà, Faransé tàbí ẹlòmíràn, ìbéèrè mẹ́ta tó fi wọ̀n ọ́n. Èkíní: kí ni àlejò náà ń wá, ṣé ó sì máa kúrò bó bá ti rí i? Èkejì: ta ni ẹ̀rù máa bà nínú àwọn aládùúgbò, ta ni yóò sì sá tọ̀? Ẹ̀kẹta ni wọn kì í sábà béèrè: kí ni Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní tí aládùúgbò nílò tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní í wá ẹlòmíràn? Iná tó dúró ṣinṣin, èbúté tí kì í dá ẹrù dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnubodè tí ọ̀gá àṣọ́bodè kì í fi ṣe ilé ìtajà, ohun tó ń gbé agbára wọlé nìyẹn. Bí ìdáhùn ìbéèrè kẹta bá kéré, iye ìbọn tí àwọn ọ̀rẹ́ òkèèrè bá kó fún wa kò ní í mú Sókótó sùn dáadáa, nítorí ní òdìkejì ààlà ni ẹni tó lè jẹ́ kó sùn wà.